Omi Wo Ló Yẹ Ilé Yín ní Abẹ́òkúta? Ìfiwéra Omi Ẹ̀rọ, Kànga, Borehole, Omi Ọlọ́mọláńkẹ́ àti Omi Òjò

Kò sí ejẹ́ńtì tó ń fi ilé han èèyàn ní Abẹ́òkúta tí kò ní sọ pé omi wà. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Omi wà, ṣùgbọ́n irú omi wo? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ṣé yóò ṣì wà ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí òjò ti dá láti oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ilẹ̀? Yàrá tó fẹ̀ àti táìsì tó ń dán ló máa ń gba ọkàn ẹni tó ń wá ilé. Ìgbà tó bá kó wọlé tán ló ń mọ̀ pé òun ni yóò máa gbé kẹ́ẹ̀gì gun àtẹ̀gùn lálẹ́ lẹ́yìn tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Àwọn wàhálà kéékèèké mìíràn tó wà nínú kíkó dé àdúgbò tuntun máa ń rọlẹ̀ fúnra wọn. Ẹ ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Kútọ̀ àti Panṣẹ́kẹ́. Ẹ ó mọ ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ìdájí, ẹ ó sì mọ ọ̀nà tí kò ṣeé gbà bí òjò bá rọ̀. Ti omi kò rí bẹ́ẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká gbé ọ̀nà omi kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, kí ẹni tó ń wá ilé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, lè mọ èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ilẹ̀ ìlú yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó lé, àpáta kì í sì í mu omi. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí à ń fà, inú ilẹ̀ tó bo àpáta ló wà, níbi tí òkúta ti jẹrà di yanrìn àti amọ̀, tàbí nínú ibi tí àpáta ti là. Níbi tí ilẹ̀ orí àpáta bá ti nípọn, kànga á lómi. Níbi tí àpáta bá ti yọrí síta, bó ṣe rí láyìíká Olúmọ, ẹni tó ń gbẹ́ kànga lè kan òkúta kó tó kan omi. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà kí ọ̀kan lómi dọ́dún, kí èkejì gbẹ ní oṣù kìíní. Nítorí náà, ẹ má fi omi aládùúgbò ṣe ẹ̀rí fún ilé tí ẹ fẹ́ gbà.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Owó ni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iye tí lítà kan ń jẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye kẹ́ẹ̀gì kan. Èkejì ni bí omi náà ṣe ṣeé gbọ́kàn lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó: ṣé ó ṣeé mu, àbí fífọ aṣọ àti ìwẹ̀ nìkan ló mọ? Ẹ̀kẹrin ni agbára, ìyẹn ta ni yóò gbé e, láti ibo dé ibo. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ẹnu àti ìjà tí omi náà lè dá sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń gbélé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Bí ẹnì kan bá ń lo 50 lítà lójúmọ́ fún mímu, sísè, ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èèyàn mẹ́rin nínú ilé á lo 200 lítà. Kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà mẹ́jọ nìyẹn, lójoojúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún sì wúwo tó kílò 25, láìtíì ka ike rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ìṣirò yìí sọ́kàn nígbà tó ń wo ilé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní omi nínú, á tún inú rò.

Omi ẹ̀rọ ìjọba

Bí ó bá ń sàn déédéé ní àdúgbò yín, òun ni kí ẹ mú, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Odò Ògùn ni wọ́n ti ń fa á, ibi tí wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ wà ní Àràkàǹgà. Wọ́n á fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn sí i. Adágún ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 wà lára ohun tó ń jẹ́ kí odò náà ní omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún Abẹ́òkúta àti fún Èkó. Nínú omi ìlò ilé tí à ń sanwó fún, kò sí èyí tí owó lítà rẹ̀ kéré tó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí wọ́n tọ́jú tó o kó tó dé ọwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni òkè àti iná. Iná ló ń ti omi gun òkè, ìlú yìí sì kún fún òkè. Ilé tó wà nísàlẹ̀ á máa rí omi nígbà tí ilé tó wà lórí òkè ṣì ń retí. Bí omi bá dá nínú páìpù tó sì padà dé, omi pupa onípẹtà ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó sàn títí yóò fi mọ́ kí ẹ tó gbe ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ibi tí páìpù gbà wọ ilé pẹ̀lú. Bí ó bá gba inú gọ́tà kọjá tó sì ti sán, omi gọ́tà lè wọ inú rẹ̀ nígbà tí omi rẹ̀ kò bá lágbára.

Ẹ má bi onílé bóyá ẹ̀rọ ń sàn. Ẹ bi ọmọ tó ń gbé àdúgbò náà pé ọjọ́ wo ni omi dé gbẹ̀yìn. Ọmọdé kì í bò ó.

Kànga

Kànga ni ọ̀rẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí iná dá òun dúró. Kò sí bíìlì, kò sí jẹnẹrétọ̀, okùn àti dòrò ti tó. Owó rẹ̀ kò ju okùn tuntun lọ́dún àti owó tí gbogbo ilé máa ń dá láti fi kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Bí ẹ bá lọ wo ilé tó ní kànga, ẹ fọwọ́ ara yín ju dòrò sí i. Bí ó bá bọ́ sínú omi tó jìn, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò sì rì. Bí ó bá ń ha ìsàlẹ̀ tó ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan iná fóònù sí ara ògiri rẹ̀ nínú. Omi máa ń fi ilà sílẹ̀: èyí tó wà lókè ni ibi tó ń dé nígbà òjò, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ilà ìsàlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kànga, ẹ mọ ohun tí oṣù kẹta yóò mú wá. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kànga tí wọ́n gbẹ́ láàárín òjò máa ń tan èèyàn, torí omi ti sún mọ́ òkè nígbà yẹn. Èyí tí wọ́n gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó sì lómi ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní ilé kan tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ wò ní Ọbáńtòkò, bàbá tó ń fi ilé hàn wá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ìyá kan tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé rọra sọ pé, “Àǹtí mi, ẹ bi wọ́n ní ti oṣù kẹta.” Ọ̀rẹ́ mi bi í. Bàbá náà ní kànga máa ń sinmi díẹ̀ lásìkò yẹn. Ìyá náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ. A kò gba ilé náà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn títí di òní.

Ní ti ìmọ́tótó, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni bí ṣọ́kàwé ṣe máa ń sún mọ́ kànga. Ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 30. Ní àwọn àgbàlá àtijọ́ níbi tí ilé ti fara kan ilé, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí mítà 30? Nítorí náà, ẹ má mu omi kànga bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó tutù tó kó sì mọ́ lójú tó. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti onígbáméjì kò ní àwọ̀ nínú omi. Ẹ sè é kó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, tàbí kí ẹ fi oògùn omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ń jù sí i kì í pa kòkòrò, ó kàn ń mú kí omi tòrò ni. Kànga tí kò ní ìdérí, tí ọrùn rẹ̀ kò ga kúrò nílẹ̀ tí àgbàrá fi lè wọ inú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá wọn dúnàá dúrà ilé náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kù. Kànga ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ní ìdájí ni omi rẹ̀ ń tòrò. Tó bá fi máa di aago méje tí gbogbo ilé ti fà, ó ti di ẹrẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kò gbọ́dọ̀ kàn gbé garawa rẹ̀ síwájú. “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló gbẹ̀yìn?” Ìyẹn ti tó. Ẹ má fọ aṣọ sí ẹnu kànga, ẹ má gbé dòrò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín máa ṣeré níbẹ̀ láé.

Borehole

Ohun tí gbogbo ayálégbé ń béèrè nìyí báyìí, onílé náà sì mọ̀, ó ti fi í kún owó ilé. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dáadáa, tí àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, omi rẹ̀ á jìnnà sí ìdọ̀tí orí ilẹ̀ ju ti kànga lọ, á sì lè dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n àpáta kan náà ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣe kòńgẹ́ ibi tí àpáta ti là, wọ́n á gbẹ́ títí, ihò gbígbẹ ni wọ́n á bá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí: iná ni borehole. Sumo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti omi jáde, tó wà nísàlẹ̀ kò lè ti omi gòkè láìsí iná. Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè omi, ẹ béèrè iná pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn ìpele òkè jù lọ láàárín àwọn tó ń ra iná, ló yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, owó tiwọn sì ti ga láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn kò ní ìlérí bẹ́ẹ̀. Ilé tó ní borehole láìní iná gidi, láìní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, láìní táǹkì ńlá lórí òpó, mi ò kà á sí ilé olómi.

Ìjà borehole pọ̀ ju ti kànga lọ, torí owó wà nínú rẹ̀. Mítà ta ni sumo ń jẹ? Bí ó bá jóná, ta ni yóò tún un ṣe, onílé ni àbí àwọn ayálégbé? Ta ló ń tan án, ìgbà mélòó lójúmọ́? Ẹni tó ń gbé ní ọwọ́ ẹ̀yìn tó ń ta omi yìnyín, ṣé iye kan náà ni yóò dá pẹ̀lú ẹni tó dá wà? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wọ inú àgírímẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ kó tó yí padà.

Ẹ dán omi náà wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mọ́ gaara nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn ni yóò máa pọ́n bí ìpẹtà. Irú rẹ̀ á ba aṣọ funfun jẹ́, á sì fi àmì sára báfù. Ẹ tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ níbẹ̀. Bí ọṣẹ kò bá hó, ẹ ó máa ra ọṣẹ púpọ̀. Mo mọ̀ pé ejẹ́ńtì lè máa wò yín bí ẹni tó ń ṣe àṣejù. Ẹ jẹ́ kó máa wò.

Bí ilé kò bá ní tirẹ̀, ilé mìíràn ní àdúgbò lè máa tà á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Àwọn mọ́ṣáláṣí àti àwọn olówó kan sì máa ń fa ẹ̀rọ sí ìta fún sàráà. Ọ̀nà àbáyọ tó dára ni, kìkì pé ẹ mọ wákàtí tí wọ́n ń ṣí i.

Ọlọ́mọláńkẹ́ àti táńkà

Èyí ló wọ́n jù nínú omi ìlò ilé, ẹ̀ẹ̀rùn ni owó rẹ̀ sì ń gun òkè, nígbà tí kànga bá ti gbẹ. Ọlọ́mọláńkẹ́ dára fún ẹni tó dá gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ dé alẹ́, torí ó ń gbé omi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo, ẹ bá a ṣe oníbàárà, ẹ bi í ní ibi tó ti ń pọn ọ́n. Ẹ wo inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀: bí ewéédò bá ti hù sí i lára nínú, ẹ wá ẹlòmíràn.

Owó lítà kan nínú táńkà kéré sí ti ọlọ́mọláńkẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ló ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí táǹkì tirẹ̀ kò gbà ju 1,000 lítà kò lè dá ra á. Kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin para pọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, bí ọ̀nà àdúgbò yín bá gba ọkọ̀ ńlá. Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ilé orí òkè nìyẹn, torí ọ̀nà wọn kò gbà á.

Omi òjò, pure water àti odò

Òjò ọ̀fẹ́ ni, ọṣẹ sì máa ń hó nínú rẹ̀ dáadáa. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ẹ lè fi í fọ aṣọ kí ẹ sì dá kànga sí, yàtọ̀ sí ìgbà tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Òjò àkọ́rọ̀ ń fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí pánù, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dà nù. Bí pánù yín bá ti dípẹtà, ẹ má mu ún rárá. Ẹ bo dírọ́ọ̀mù pinpin, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìdin ẹ̀fọn ń di ẹ̀fọn.

Pure water, mímu ni tirẹ̀. Àpò kan tó ní ogún nínú, 10 lítà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ má sì ra èyí tó ti ń sùn nínú oòrùn.

Odò, rárá. Àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ara ìgbín omi kéékèèké ló ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Àwọn abúlé tó wà létí adágún Ọ̀yán ti jìyà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ wẹ̀ nínú omi tí ẹ kò mọ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó dá gbé tí owó rẹ̀ kò pọ̀: ilé tó ní kànga tó jinlẹ̀, pẹ̀lú pure water fún mímu. Ẹ má san owó borehole tí ẹ kò ní máa rí iná fà.

Ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́: ilé tó ní omi méjì, borehole àti kànga, tàbí omi ẹ̀rọ àti kànga. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé méjì, torí ọ̀kan yóò já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ kò sì mọ̀ pé iná ti lọ. Ẹ lè fi ìwọ̀n yàrá ṣe ìrúbọ fún èyí.

Ìyá tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ṣe irun, tàbí aláró tó ń pa adìrẹ: borehole tó ní mítà tirẹ̀ àti táǹkì tó gba 2,000 lítà ó kéré tán. Omi ni ọjà yín, ẹ má gbé e lé ọwọ́ ọlọ́mọláńkẹ́.

Àgbàlagbà tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn: ilé ilẹ̀, níbi tí omi ẹ̀rọ ti ń wọ inú ilé, kódà bí ilé náà bá ti gbó díẹ̀. Ẹ má gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí atẹ́gùn.

Ẹni tó ti sanwó ilé tán, tó wá rí i pé omi kò tó: kó ra dírọ́ọ̀mù méjì tó ní ìdérí, kó fi ọ̀kan sí ìta fún òjò, ọ̀kan sínú ilé, kó wá ilé tó ń ta omi borehole nítòsí, kó sì ti bá ọlọ́mọláńkẹ́ kan ṣe àdéhùn iye owó kí oṣù kejìlá tó wọlé, torí ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá ti ń wá a, kò ní ráyè tirẹ̀ mọ́.